Ẹ̀KỌ́ ILÉ: Búrẹ́dì tí A Lẹ Etí Rẹ̀ Pọ̀ fún Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí oúnjẹ tí ọmọ kékeré lè mú lọ sí ilé-ìwé. Gbogbo wa la mọ bí ó ti máa ń rí: a fi jáàmù sáàárín búrẹ́dì, a kó o sínú àpò ọmọ. Kí ọmọ tó dé kíláàsì, jáàmù ti ṣàn sára ìwé. Nígbà tó bá di ọ̀sán, ebi ń pa ọmọ, owó yóò sì tún jáde.

Ní Amẹ́ríkà, ní 1995, David Geske àti Len Kretchman bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì tí kò ní èèpo, tí a lẹ etí rẹ̀ pọ̀ yíká, fún àwọn ilé-ìwé. Ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀, ife kan tó láti ṣe é nílé.

OHUN TÍ A NÍLÒ
Ege búrẹ́dì méjì, ẹ̀pà yíyan tí a lọ̀ kúnná, jáàmù díẹ̀, ife àti fóòkì.

BÍ A TI Í ṢE É
1. Ẹ lo búrẹ́dì tuntun tó rọ̀. Èyí tó ti gbẹ kì í lẹ̀, ńṣe ni ó ń fọ́.
2. Ẹ fi ẹnu ife sàmì sára ege méjèèjì. Inú àmì yìí ni ohun gbogbo yóò wà, kí àyè tó ìbú ìka kan ṣẹ́kù yíká. Bí ẹ̀pà tàbí jáàmù bá kan etí, kò ní lẹ̀.
3. Ẹ fi ẹ̀pà pa ege méjèèjì tínrín. Òróró rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi jáàmù wọ inú búrẹ́dì. Ẹ wá fi jáàmù sáàárín.
4. Ẹ bo ege kejì lé e. Ẹ da ife dé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ gírígírí, kí ẹ yí i títí èèpo yóò fi já.
5. Ẹ fi fóòkì tẹ etí rẹ̀ yíká bí ti míìtì páì. Ẹ gbọ̀n ọ́n wò: bí nǹkan kò bá jáde, ó ti dára.

Ẹ má da èèpo nù. Ẹ sá a gbẹ, ẹ gún un, kí ẹ fi yí ẹja kí ẹ tó dín in.

ÌKÌLỌ̀
Ẹ ṣa ẹ̀pà dáadáa. Èyí tó ti bu lè ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kò sì lè mú un kúrò tán. Ẹ̀pà oníhóró lè há ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún lọ́fun. Ẹ̀pà lílọ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ nípọn.

Ẹ̀pà kì í bá àwọn ọmọ mìíràn lára mu. Ẹ kọ́kọ́ fún ọmọ ní díẹ̀ tọ́ wò nílé. Bí ètè rẹ̀ bá wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ bi olùkọ́ pẹ̀lú bóyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní kíláàsì.

Bí ó bá jẹ́ ẹyin tàbí sàdíìnì ni ẹ fi sínú rẹ̀, ilé ni kí ọmọ ti jẹ ẹ́. Nínú ooru tiwa, kò yẹ kó pẹ́ ju wákàtí kan lọ níta.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ
1. Kí ni ìdí tí a fi ń pa ẹ̀pà sí ege méjèèjì?
2. Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè para pọ̀ ra ẹ̀pà, kí a sì jọ ṣà á?