Gúlúténì, Fúláwà àti Wàrà: Orúkọ Èròjà Oúnjẹ Lẹ́nu Olóúnjẹ Fẹ́sítáàkì

1. Ìfáárà

Bí olùkọ́ bá lo ọ̀rọ̀-ìperí tí kò yé akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì, àyè wà fún un láti tún un ṣàlàyé. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ jẹ gúlúténì mọ́, tí ó dúró níwájú olóúnjẹ ní Fẹ́sítáàkì lọ́sàn-án gangan, tí ebi ń pa á, tí àwọn oníbàárà mìíràn sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè kan tàbí méjì péré ni yóò ráyè bi kí wọ́n tó di oúnjẹ fún un. Bí ọ̀rọ̀ tí ó fi bèèrè kò bá yé olóúnjẹ, tàbí tí ó bá yé e sódì, inú aláìsàn ni yóò gba ìyà rẹ̀. Iṣẹ́ yìí yóò yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lò wò, láti mọ èyí tí ó ṣeé gbára lé nínú wọn.

Ìdí tí Fẹ́sítáàkì fi yẹ fún àyẹ̀wò yìí kò fara sin. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ìlú náà láti fi gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí ó wáyé láti 15 Oṣù Kìíní sí 12 Oṣù Kejì, 1977. Orí ilẹ̀ Àwórì ni ó wà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ará ìlú ti kó wọ inú ilé wọ̀nyí ni Ìgbò, Ẹ̀gùn, Haúsá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń bá Yorùbá gbé ibẹ̀. Ẹni tí ó ń ta oúnjẹ ní ẹ̀bá Mile 2 tàbí ní ọjà Agbójú lè gbọ́ Yorùbá dáadáa kí ó má jẹ́ pé òun ni èdè abínibí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò wúlò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo wọn jọ mọ̀.

2. Gúlúténì kì í ṣe ohun gbogbo tí ó ń lẹ̀

Gúlúténì ni èròjà amúaradàgbà tí ń bẹ nínú àlìkámà. Irú rẹ̀ wà nínú ọkà báálì àti ráì pẹ̀lú. Òun ni ó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun àlìkámà tí a fi omi pò máa fà bí rọ́bà, tí búrẹ́dì fi ń wú. Àwọn ènìyàn kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá jẹ ẹ́, àwọn ohun tí ń gbèjà ara wọn lọ́wọ́ àrùn yóò yíjú padà, wọn yóò sì máa ba awọ inú ìfun kékeré jẹ́, títí tí èròjà oúnjẹ kò fi ní lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti yẹ. Àrùn sílíákì ni èyí. Willem Karel Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Netherlands, ni ó fi hàn nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1950 pé àlìkámà ń dá kún àrùn náà. Títí di òní, ìtọ́jú rẹ̀ ni pé kí aláìsàn yẹra fún gúlúténì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Nínú èdè Látìn, ohun tí a fi ń lẹ nǹkan pọ̀ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ó lè wu ògbufọ̀ láti tẹ̀lé ìtumọ̀ yẹn, kí ó sì sọ ọ́ di *alẹ̀mọ́* tàbí *èròjà alẹ̀*. Ìtumọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀. Kí ni Yorùbá mọ̀ pé ó ń lẹ̀ tàbí tí ó ń fà lára oúnjẹ? Iyán, ẹ̀bà, fùfú, ilá àti ewédú ni. Kò sí gúlúténì nínú ọ̀kankan nínú wọn. Sítáàṣì ni ó mú kí iyán àti ẹ̀bà máa lẹ̀, omi yíyọ̀ ara ewé àti èso ni ti ewédú àti ilá. Aláìsàn tí wọ́n bá sọ fún pé kí ó sá fún *alẹ̀mọ́* yóò pa iyán tì, yóò sì máa jẹ búrẹ́dì gbígbẹ tí kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti kó sí pàkúté yìí: irú ìrẹsì kan wà ní Éṣíà tí ó máa ń lẹ̀ pọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì jọ gúlúténì gidigidi, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gúlúténì rárá. Ó sàn kí a yá ọ̀rọ̀ náà, kí ó jẹ́ *gúlúténì*, kí a sì máa sọ orísun rẹ̀ mọ́ ọn nígbà gbogbo: *gúlúténì, amúaradàgbà inú àlìkámà, báálì àti ráì*.

3. Fúláwà, sẹ̀mó àti búrẹ́dì ẹ̀gẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a yá yìí dára fún ìwé àti fún ara páálí oúnjẹ. Kò wúlò lẹ́nu oníbàárà. Olóúnjẹ tí wọ́n bi bóyá gúlúténì wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀ yóò dáhùn pé kò sí, nítorí pé kò ra ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

*Àlìkámà* ńkọ́? Láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, ó sì gba ọ̀dọ̀ Haúsá kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó ń ka Bíbélì Yorùbá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ yẹn ni ó ń jẹ́ nínú ìsọ̀. *Fúláwà* ni wọ́n ń pè é nígbà tí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun, *sẹ̀mó* nígbà tí a bá fẹ́ fi ṣe òkèlè, *sùpàgẹ́tì* tàbí *nódùù* nígbà tí ó bá di okùn gbígbẹ. Lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ olóúnjẹ, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá bèèrè pé, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé fúláwà wà nínú oúnjẹ yín?” lè gba èsì òtítọ́ pé kò sí, kí wọ́n sì bu sẹ̀mó fún un lójú ẹsẹ̀. Olóúnjẹ náà kò purọ́. Orúkọ ni ó fi àlìkámà pamọ́.

*Búrẹ́dì ẹ̀gẹ́* tún burú ju ìyẹn lọ. Ní àkókò ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, láàrin 1999 sí 2007, ìjọba pa á láṣẹ pé kí àwọn ọlọ́lọ̀ fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí ó tó ìdá 10 nínú 100 lú ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà fún oníbúrẹ́dì. Ìyókù ńkọ́? Àlìkámà ni. Ohun tí ó kéré jù nínú búrẹ́dì náà ni ó gba orúkọ. *Búrẹ́dì àlàpọ̀ ẹ̀gẹ́* ni ì bá tọ́ kí a máa pè é.

Àwọn ohun mímu náà gba ìṣọ́ra. Láti ara ọkà báálì ni a ti ń ṣe mọ́ọ̀tì níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó báálì wọ Nàìjíríà ní 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí yíjú sí ọkà bàbà, tí kò ní gúlúténì. Òfin náà kò sí mọ́, nítorí náà ohun tí a kọ sí ara ìgò nìkan ni a lè fi mọ èyí tí ó wà nínú rẹ̀.

4. Wàrà tí kì í ṣe wàrà

Ní ti àwọn tí ń sá fún wàrà, ìṣòro náà yí padà: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ru ẹrù púpọ̀. *Wàrà* ni omi ọmú màlúù nínú ìwé. Ní Èkó, ohun funfun dídì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi ewé bọ́mubọ́mu ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí wàrà. Ti inú agolo ni *mílíìkì*. Bí oníbàárà bá bèèrè wàrà lọ́wọ́ ẹni tí ó po mílíìkì oníyẹ̀fun mọ́ ohun tí ó ń dín, “Kò sí” ni yóò gbọ́. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, *wàrà sóyà* kò bá màlúù tan rárá. Ẹni tí ń sá fún wàrà lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ yóò lé e sá. *Bọ́tà* náà kò dúró sójú kan: màjàrín tí a fi òróró ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè bẹ́ẹ̀, a sì máa ń fi wàrà sí òmíràn nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí ìperí tún ya irú aláìsàn méjì sọ́tọ̀. Ẹnìkan wà tí ara rẹ̀ kò lè da ṣúgà inú wàrà, èyí tí ń jẹ́ láktósì. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó rí bẹ́ẹ̀, inú wọn a sì máa kùn. Ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ pé amúaradàgbà inú wàrà ni ara rẹ̀ ń bá jà, ìyẹn sì lè mú ẹ̀mí lọ. Wàrà dídì ti Fúlàní kò ní láktósì tó mílíìkì, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bá omi lọ. Amúaradàgbà ni ó kù síbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ lè fi ẹnu kàn án, ẹnì kejì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Nítorí náà *àìlèdá-láktósì* yẹ fún ti àkọ́kọ́, *ìkọ̀-ara fún wàrà* sì yẹ fún ti èkejì. *Èèwọ̀* kò bá a mu. Èèwọ̀ lè jẹ́ ti ìdílé tàbí ti òrìṣà, olóúnjẹ sì lè rò pé díẹ̀ kò lè pa ẹni tí kò mọ̀ pé òun jẹ ẹ́.

5. Ohun tí ó wà nílẹ̀ láti jẹ

Àlejò ni àlìkámà nínú oúnjẹ Yorùbá. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrẹsì ni ìpìlẹ̀. Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, ọ̀lẹ̀lẹ̀, bọ̀ọ̀lì, dòdò àti àádùn kò ní gúlúténì tàbí wàrà nínú bí a bá sè wọ́n bí wọ́n ti ń sè wọ́n látijọ́. Ẹ̀wà àgànyìn pẹ̀lú ata rẹ̀ dára. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ni kí a fi sílẹ̀, kí a fi dòdò dípò. Fíréjọ̀n, ẹ̀wà tí àwọn ọmọ Àgùdà ní Èkó ń sè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, jẹ́ ẹ̀rí pé omi àgbọn lè mú oúnjẹ rọ̀ kí ó sì dùn láìsí wàrà.

Ewu wà nínú ohun tí a fi sí i àti ohun tí ó kàn án. Àlìkámà wà nínú àwọn máàgí kan, ó sì wọ́pọ̀ nínú omi sóyà dúdú tí wọ́n fi ń dín ìrẹsì. Ní ti àkàrà, ẹ̀wà lásán ni, ṣùgbọ́n bí a bá dín pọfùpọ́fù nínú òróró kan náà, fúláwà ti wọ inú rẹ̀. *Àfarakàn* ni ọ̀rọ̀ tí ó bá èyí mu. *Àkóràn* ti di ti àrùn tí ènìyàn ń kó ran ara wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ìwọ̀nba kékeré ti tó láti ṣèpalára: ní 2008, ìlànà Codex Alimentarius, tí àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera àgbáyé jọ ń ṣe, fi 20 mílígíráàmù gúlúténì nínú kìlógíráàmù oúnjẹ kan ṣe òpin ohun tí a lè pè ní *aláìnígúlúténì*.

Ìbéèrè tí ó lè ṣiṣẹ́ níwájú agbada, nígbà náà, kò ní orúkọ sáyẹ́ǹsì kankan nínú: “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ara mi kì í gba fúláwà, sẹ̀mó, búrẹ́dì tàbí mílíìkì, díẹ̀ báyìí a máa dá mi dùbúlẹ̀. Máàgí wo ni ẹ fi sè é? Kí ni ẹ dín nínú òróró yìí kí ẹ tó dín àkàrà?” Ó gùn ju *gúlúténì* lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ìyá aláàkàrà kò mọ̀, ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn sì jẹ́ èyí tí òun nìkan mọ ìdáhùn rẹ̀.