Kéèkì Tí Kò Sí Nínú Ìṣirò: Kí Ni Kí Á Ṣe Lẹ́yìn Rẹ̀?



Ọ̀pọ̀ nínú wa ni dókítà ti sọ fún pé kí á dín ara kù: ẹlòmíràn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹlòmíràn nítorí ṣúgà tí ó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹlòmíràn nítorí orúnkún tí kò jẹ́ kí ó lè forí kanlẹ̀ dáadáa lórí ìrun mọ́. Ọ̀nà kan tí a ń gbà ṣe é ni kíka kálórì. Kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, bí kìlò ṣe jẹ́ òṣùwọ̀n ìwúwo. Bí èyí tí a jẹ bá ju èyí tí ara lò lọ, ara a fi ìyókù pamọ́ bí ọ̀rá.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti ń kọ oúnjẹ rẹ̀ sínú ìwé kékeré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Dókítà rẹ̀ fún un ní 1,600 kálórì lóòjọ́, kò sì kọjá rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ó lọ síbi wólímọ̀ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ti fi ìrẹsì àti ẹja tí yóò jẹ níbẹ̀ sí ìṣirò kí ó tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ka Kùránì tán, ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ gbé kéèkì àti agolo mínírà kan wá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ ẹ́, kí inú mi lè dùn.” Ó jẹ ẹ́, ó sì mu mínírà náà tán. Nígbà tí ó délé, ó wo ìwé rẹ̀, ó ní, “Ó ti bàjẹ́,” ó sì jù ú sínú àpótí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ẹ̀bà kọjá bí ó ṣe yẹ. Títí di ọjọ́ Jímọ̀, kò ṣí ìwé náà mọ́.

Ìbéèrè wa ni pé: èwo ló ṣe é léṣe, kéèkì ni tàbí ohun tí ó tẹ̀lé kéèkì?

ẸJẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ Ó

Bí a bá ka ara agolo mínírà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sọ fún wa pé nǹkan bí 42 kálórì ló wà nínú 100 ml. Agolo 33 cl yóò wá jẹ́ nǹkan bí 140. Kéèkì tí wọ́n fi ṣúgà bò lójú, ẹ jẹ́ kí á pe ègé rẹ̀ ní 400, torí ó sàn kí ìṣirò wa ga díẹ̀ ju kí ó kéré lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 540.

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí ọjọ́ Àìkú mìíràn tó dé. Bí a bá pín 540 sí mẹ́fà, 90 ló máa kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣíbí ìjẹun kan tí òróró kún inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 120. Nítorí náà, bí ìyá yìí bá dín ṣíbí òróró kan péré kù nínú oúnjẹ tirẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ márùn-ún kò ní í pé tí gbèsè yóò fi tán.

Ṣùgbọ́n bí ó bá pa ìwé tì, tí ó sì ń fi 500 lé e lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, 3,000 ni yóò gùn lórí 540 àkọ́kọ́. Kéèkì kọ́ ló ṣe ìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà, “Ó ti bàjẹ́,” ló ṣe é.

Àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ti rí èyí tipẹ́. Ní 1975, C. Peter Herman àti Deborah Mack gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn kan ní wàrà dídùn mu, lẹ́yìn náà wọ́n gbé áísìkiriìmù síwájú wọn. Àwọn tí kì í ṣọ́ oúnjẹ jẹ dín áísìkiriìmù kù, torí wọ́n ti mu wàrà. Àwọn tí ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ gan-an ló wá jẹ púpọ̀ sí i, bí ẹni pé odi ti wó, kò sí ohun tí a ń ṣọ́ mọ́.

KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Kéèkì tí a fi ohun mímọ́ ṣe, halāl ni. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò dá ẹ̀ṣẹ̀, ìwé kálórì kì í sì í ṣe ìwé tí àwọn mọlẹ́kà ń kọ. Ṣùgbọ́n kí á rántí pé nínú Sūratul-Aʿrāf, āyah 31, Ọlọ́hun tí ó yọ̀ǹda jíjẹ àti mímu fún wa náà ló kọ àṣejù. Àṣejù sì ní ìhà méjì: kí á jẹ àjẹkì, àti kí á fi ìyà jẹ ara nítorí ohun tí ó ti kọjá.

Ẹlòmíràn a ní àwẹ̀ ni òun yóò fi san án. Àwẹ̀ ọjọ́ Àtìní àti Àlàmísì, ìjọ́sìn ni. Ọlọ́hun la ń gbà á fún. Kí á má sọ ọ́ di owó ìtanràn kéèkì. Pàápàá jù lọ, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ insulin, kò gbọdọ̀ dédé fo oúnjẹ, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí yóò fi dákú. Kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè. Aláboyún àti ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú náà kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ kù láìgba ìmọ̀ràn.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Níbi òde, kí á mú ọ̀kan nínú méjì. Bí a bá jẹ kéèkì, kí á fi omi sìn ín. Kí á jókòó, kí á dárúkọ Ọlọ́hun, kí á rọra jẹ ìdajì, kí á di ìyókù lọ sílé. Ẹ̀rín àti àdúrà wa ló ń dùn mọ́ olóde nínú, kì í ṣe àwo tí ó ṣófo.

2. Kí á kọ ọ́ sílẹ̀ kí á tó sùn, bí ó ṣe rí gan-an. Ìwé tí a bá ń purọ́ fún kò lè tọ́ wa sọ́nà.

3. Kí oúnjẹ tí ó tẹ̀lé e jẹ́ oúnjẹ wa ti ojoojúmọ́: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja. Kí á má fò ó. Ẹni tí ebi bá pa mọ́jú ló ń bo oúnjẹ mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán.

4. Kí á pín gbèsè náà sí ọjọ́ mélòó kan, tàbí kí á fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí.

5. Kí á fọ ẹnu wa. Kí á fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn ohun dídùn, kí á sì rin pákò tàbí kí á lo búrọ́ọ̀ṣì kí á tó sùn, torí ṣúgà tí ó bá sùn sára eyín ló ń jẹ ẹ́.

6. Kí á wo ẹ̀yìn wò. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ṣé ebi ló ń pa wá dé òde náà ni? Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo ọ̀sẹ̀ la ń lọ òde, kéèkì yẹn kì í ṣe àìròtẹ́lẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí a ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbà wá nímọ̀ràn ní 2015 pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí a ń jẹ lóòjọ́. Fún ẹni tí ń jẹ 1,600, kò gbọdọ̀ tó 160 kálórì, èyí tí í ṣe ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́wàá. Agolo mínírà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba mẹ́sàn-án níbẹ̀.

Ìyá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí kò tíì pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀. Ìwé náà ṣì wà nínú àpótí. Kí ó mú un jáde, kí ó kọ “kéèkì àti mínírà, 540” síbẹ̀, kí ó sì kọ oúnjẹ alẹ́ òní sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe láìdáwọ́dúró, bí ó tilẹ̀ kéré.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà ara tí a ó fi máa sìn Ín. Àmín.