Oúnjẹ Ọ̀sẹ̀ Kan ní Abà

Ìbéèrè: Ọ̀gá Olóòtú, abà kòkó lẹ́yìn Araromi-Obu ni èmi àti ọkọ mi ń gbé láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì. A kò ní fìríìjì. Báwo ni mo ṣe lè máa pèsè oúnjẹ ọ̀sẹ̀ sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá rere, bí oúnjẹ bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbìyànjú àtise ọbẹ̀ ọjọ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ti ra ata àti àlùbọ́sà ní ọjà Ore, tí ẹ sì lọ̀ wọ́n, ẹ sè wọ́n títí omi wọn yóò fi gbẹ tán, kí ẹ tó fi epo dín wọn títí epo yóò fi léfòó, nítorí pé omi ni ọ̀tá ọbẹ̀ tí a fẹ́ tọ́jú. Ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó hó dáadáa. Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ni èmi yóò fọkàn tán an. Ata gbígbẹ ni kí ẹ fi se ti Ọjọ́bọ̀ àti ti ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìrẹsì sísè àṣẹ́kù rárá. Gaàrí, akọni tí omi gbígbóná nìkan tó fún, àti èlùbọ́ ni kí ẹ dì lọ. Ilá ń bẹ lóko fún ọbẹ̀ wọn. Ní ti ẹja gbígbẹ, ẹ so ó rọ̀ sókè ààrò, kí èéfín máa bá a ṣọ̀rẹ́. Ológbò abà nìkan ni kí ẹ máa ṣọ́.