Ẹ Tètè Mọ Àmì Àìsàn Lára Ẹmọ́ Òyìnbó

Ìwé ìmọ̀ràn fún àwọn tó ń sìn ín nílé àti lóko

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tí ẹ ń sin ẹmọ́ òyìnbó, ìyẹn gíní-pìgì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórí òkè Andes, ní Peru àti Bolivia, ẹran tí ẹyẹ àti ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni. Èyí tó bá ṣe bí aláìlera nínú wọn ni ọwọ́ ọ̀tá máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Nítorí náà, ó máa ń fi àìsàn pamọ́. Kó tó hàn sójú ẹni tó kàn ń kọjá lọ, àìsàn náà á ti wọ̀ ọ́ lára. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tó bá ń wo ẹran rẹ̀ lójoojúmọ́ ló máa tètè rí i pé nǹkan ti yí padà.

Àyẹ̀wò àràárọ̀

Ẹ má kàn da koríko sílẹ̀ kí ẹ kọjá lọ. Ẹ dúró, kí ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun. Èyí tí ara rẹ̀ yá á sáré wá, á sì máa han bó bá ti gbọ́ ìró koríko. Ojú rẹ̀ á mọ́, imú rẹ̀ á gbẹ, irun rẹ̀ á dán, á sì lẹ̀ mọ́ ara. Èyí tó bá ká jọ sí kọ̀rọ̀, tí irun rẹ̀ dìde wúruwùru, tí kò bá àwọn yòókù dé ìdí oúnjẹ, ẹ yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo ìgbẹ́ wọn. Èyí tó dára máa ń gùn díẹ̀, ó sì máa ń le níwọ̀nba. Bó bá di kéékèèké tó gbẹ, tàbí tó dín kù, oúnjẹ kò wọlé mọ́ bó ṣe yẹ. Bó bá di omi tó lẹ̀ mọ́ ìdí, ewu ti dé. Ìtọ̀ rẹ̀ lè funfun díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, tàbí tó ń ké bó bá ń tọ̀, ó lè jẹ́ pé òkúta wà nínú àpò ìtọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà rẹ̀ sábà máa ń wọn gírámù 700 sí 1,200. Bí èyí tó wọn 900 lọ́sẹ̀ tó kọjá bá wọn 800 lónìí, nǹkan ń ṣe é, kódà bó ṣì ń jẹun.

Àmì tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

• Kò jẹun láti àárọ̀ di alẹ́. Ìfun ẹmọ́ òyìnbó kò gbọdọ̀ dúró. Bí kò bá jẹun fún wákàtí 24, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Bó bá jẹ́ aboyún tó kù díẹ̀ kó bímọ, ẹ má tiẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀.

• Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ tutù. Eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun dídàgbà. Bí kò bá rí koríko jẹ dáadáa, eyín lè gùn jù, kó sì máa gún un lẹ́nu.

• Inú rẹ̀ wú, ó le bí ìlù.

• Ó ń mí pẹ̀lú ariwo, ojú àti imú rẹ̀ ń ṣe ìpin àti ikun. Ehoro lè gbé kòkòrò àìsàn èémí yìí láìjẹ́ pé àìsàn hàn lára tirẹ̀. Ẹ má kó ehoro àti ẹmọ́ òyìnbó sínú kéèjì kan náà.

• Ó nà gbalaja, ó ń mí gúlegúle nínú ooru. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ fi omi tí kò tutù jù pa á lára.

Awọ ara àti ẹsẹ̀

Bó bá ń họra ṣáá, tí irun ń re, tí awọ ń ṣe èépá, kòkòrò awọ tí ojú kò lè rí lè wà níbẹ̀. Ìyọnu rẹ̀ le débi pé gìrì lè mú ẹran náà. Làpálàpá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lójú àti nímú, ó sì ń ran ènìyàn. Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú: ilẹ̀ onírin àti ilẹ̀ tútù ń dá egbò sí i.

Fítámì C

Ara ẹmọ́ òyìnbó kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀. Ó nílò bíi mílígíráàmù 10 sí 30 lójúmọ́, aboyún ló sì nílò rẹ̀ jù. Bí kò bá rí i, oríkèé rẹ̀ á wú, á máa tiro, èrìgì rẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀, egbò rẹ̀ kò ní tètè jinná. Oúnjẹ ehoro nìkan kò tó, nítorí ara ehoro ń ṣe fítámì yìí fúnra rẹ̀. Ẹ máa fi tàtàṣé, gúáfà tàbí ewé tútù tó mọ́ kún koríko rẹ̀.

Oògùn tó ń pa á

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ má tú kápúsù tí ẹ rà fún ara yín sínú omi rẹ̀. Penicillin, ampicillin, amoxicillin, lincomycin àti erythromycin lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tetracycline náà léwu. Àwọn kòkòrò rere tó ń bá a da oúnjẹ ni wọ́n ń pa, tí èyí tó ń mú oró jáde á wá gba inú rẹ̀. Dókítà ẹranko nìkan ló mọ oògùn tí ara rẹ̀ lè gbà.

Kí dókítà tó dé

Ẹ fi í síbi tó gbẹ, tó sì dákẹ́. Ẹ gbé koríko àti omi mímọ́ síwájú rẹ̀. Bí inú rẹ̀ kò bá wú, ẹ po oúnjẹ rẹ̀ mọ́ omi, kí ẹ fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún un díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ohun tó jẹ fún dókítà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá yín bọ́ wọn. Ẹran tí ẹ bá tètè rí àìsàn lára rẹ̀ ṣì lè yè.