Ṣé lẹ́ńsì tó tóbi ló dáa jù?



Láàárín Àkúrẹ́ sí Oǹdó tí mo ti ń ya fọ́tò òde, ìbéèrè kan ò tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lẹ́ńsì tó tóbi ló dáa jù?" Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè yé mi. Bí lẹ́ńsì bá gùn bí ọmọ odó, oníbàárà á ní ọ̀gá dé. Bó bá kéré, wọ́n á ní ọmọ iṣẹ́ ni. Torí ẹ̀ làwọn kan ṣe ń jẹ gbèsè ra ohun tí iṣẹ́ wọn ò nílò. Ohun mẹ́ta ló ń mú lẹ́ńsì tóbi.

Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára lẹ́ńsì. Èyí tó ní mm ń sọ bó ṣe ń fa ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán mọ́ra tó. Èkejì ni f, bíi f/2.8 tàbí f/4. Ẹ fi f pín mm, ẹ ó mọ bí ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó. Tá a bá fi 2.8 pín 200 mm, ó jẹ́ nǹkan bíi 71 mm. Tá a bá fi 4 pín in, 50 mm ni. Gíláàsì iwájú ò gbọ́dọ̀ kéré sí i. Ìdí nìyẹn tí Canon EF 70-200mm f/2.8L IS II fi wọn nǹkan bíi 1,490 gíráàmù, tí EF 70-200mm f/4L IS àkọ́kọ́ sì jẹ́ 760. Ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì ni f/2.8 ń gbà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣókùnkùn l'Óǹdó, tí wọn ò fẹ́ fíláàṣì, ó wúlò gan-an. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán lórí Òkè Ìdànrè, ó lè di ẹrù lásán.

Ìkejì ni sẹ́ńsọ̀, ibi tí àwòrán ń bọ́ sí. Ti Canon 5D Mark IV jẹ́ 36 × 24 mm. Ti Nikon D3500 jẹ́ 23.5 × 15.6 mm. Bí sẹ́ńsọ̀ bá fẹ̀, àwòrán tí lẹ́ńsì ń jù sí i gbọ́dọ̀ fẹ̀ kó lè bò ó.

Ìkẹta ni dígí inú DSLR. Iwájú sẹ́ńsọ̀ ló dúró sí, òun ló ń darí ìmọ́lẹ̀ sí ibi tá a ń fojú wò. Torí ẹ̀, láti ẹnu ibi tá a ń so lẹ́ńsì mọ́ dé sẹ́ńsọ̀ jẹ́ 44 mm lára Canon EF, 46.5 mm lára Nikon F. Lẹ́ńsì 40 mm sún mọ́ iye yẹn, kò nílò wàhálà púpọ̀: Canon EF 40mm f/2.8 STM ò wọn ju 130 gíráàmù lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì 24 mm, tá a fi ń ya gbogbo ẹbí nínú pálọ̀ kékeré, ì bá wọnú ibi tí dígí wà. Àwọn tó ṣe é ní láti fi gíláàsì kún un kí àwòrán lè rìn jìnnà débi sẹ́ńsọ̀. Ibẹ̀ ni ara ẹ̀ ti ń pọ̀.

Àwọn kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní mirrorless ò ní dígí yẹn. Àlàfo Canon RF jẹ́ 20 mm, ti Nikon Z jẹ́ 16 mm. Lẹ́ńsì tó ń wo ibi gbòòrò lè tipa bẹ́ẹ̀ kéré sí i. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: 200 mm f/2.8 ṣì nílò ojú 71 mm, kò sí kámẹ́rà tó lè dín ìyẹn kù.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ara yín: ibo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jù, báwo sì ni ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí? Ìdáhùn yẹn ni kẹ́ ẹ fi ra lẹ́ńsì, kì í ṣe ojú oníbàárà.