Bí Inú Bá Ń Yọ Ológbò Àgbà Lẹ́nu

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àwa tí a ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gaàrí l'Ókè-Odò mọ bí eku ṣe ń fi ojú wa rí màbo. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ wa fi ń sin ológbò. Ṣùgbọ́n bí ológbò bá ti lé ní ọdún 10, àgbà ti dé sí i. Bó bá ń bì lemọ́lemọ́, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó sì ń rù, ẹ fura.

Àánú wa máa ń dá kún àìsàn náà. A ó bu mílíìkì fún un, bẹ́ẹ̀ wàrà kì í sábà dà nínú ológbò tó ti dàgbà. Omi tó mọ́ ni kí ẹ gbé sí i. Ẹ bọ adìẹ tàbí ẹja láìsí iyọ̀ àti ata, ẹ yọ egungun rẹ̀, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Ọbẹ̀ ilé kò yẹ ẹ́ o, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

Ẹ má fún un ní Panadol láé! Hóró kan ṣoṣo lè pa á.

Bí kò bá jẹun fún odidi ọjọ́ kan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bí ẹ bá fi májèlé eku sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ fún dókítà, torí ó lè ti jẹ eku tó jẹ ẹ́.

Ìyá wa kan ní owó dókítà ju owó ológbò lọ. A ní, “Mà á, àpò ẹ̀wà tí eku dá lu ńkọ́?”