Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tí ẹ ó fi lọ ọkà ọtí

Àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, bùrùkùtù, pítò àti àwọn ọtí ọkà yòókù fún títà máa ń fara balẹ̀ yan ìkòkò àti igi ìdáná, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni kì í bìkítà nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà. Ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti máa ń jò. Bí ọkà kò bá fọ́ dáadáa, adùn inú rẹ̀ kò ní jáde, èérí tí ẹ kó fún ẹran á ṣì kún fún ohun tí ẹ fowó rà. Bó bá sì kúnná jù, á di ẹ̀kọ mọ́ yín lọ́wọ́, kò ní ṣeé sẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ tó dára ń ṣe ni pé ó ń fọ́ gbogbo ẹyọ ọkà láìsọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú.

Ìdí tí lílọ̀ fi ṣe pàtàkì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ náà mọ̀ pé a máa ń rẹ ọkà sómi, a máa ń jẹ́ kó hù fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, lẹ́yìn náà la ó sá a gbẹ. Híhù yẹn ló ń jí agbára kan nínú ọkà tó ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà. Ìwúkàrà ló ń sọ ṣúgà náà di ọtí. Ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ ráyè wọ inú ọkà kí iṣẹ́ yìí tó lè ṣẹlẹ̀. Ẹyọ ọkà tó bá jáde lódindi láti inú ẹ̀rọ, òfò ni.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ọkà bàbà kì í tètè dẹ̀, ooru tó tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń fẹ́. Ooru yẹn kan náà ló sì ń pa agbára tí a sọ yìí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń pọn tchoukoutou ní orílẹ̀-èdè Benin fi máa ń jẹ́ kí ọkà tí wọ́n pò mọ́ omi silẹ̀, tí wọ́n á rọra da omi òkè rẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n á se èyí tó ki nísàlẹ̀, kí wọ́n tó pa méjèèjì pọ̀. Bí ọkà bá ti kúnná jù, kì í tètè silẹ̀, omi òkè kò sì ní mọ́.

Ọ̀nà kan ò wọjà

Oríṣi ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà tí ẹ lè yàn nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ àfọwọ́yí. Awo irin méjì tó ní eyín ló wà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀tì kan ló sì ń sún wọn mọ́ra tàbí jìnnà síra. Kò fẹ́ epo, kò fẹ́ iná. Ẹni tó ń pọn bíi lítà 20 lẹ́ẹ̀kan, tí ọkà rẹ̀ kò ju kílò 4 sí 5 lọ, kò nílò ju èyí lọ.

Ìkejì ni irú ẹ̀rọ tí àwọn alọta ń lò. Awo irin méjì náà ló ní, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Òun ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà wa, rẹ́páyà sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé bí awo méjèèjì bá ń ha ara wọn, irin á máa bọ́ sínú ọkà.

Ìkẹta ni ẹ̀rọ olóòlù, tó ń fi òòlù irin lu ọkà títí yóò fi gba ojú asẹ́ kan kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ yá púpọ̀. Ihò asẹ́ yẹn ló ń pinnu bí ọkà yóò ṣe kúnná tó, nítorí náà ẹ béèrè fún asẹ́ tí ihò rẹ̀ tóbi. Èyí tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́ kò dára fún ọkà ọtí.

Ìkẹrin ni èyí tó ní ọ̀pá irin roboto méjì tó ń tẹ ọkà fọ́. Òun ni àwọn tó ń pọn bíà nílé ní ilẹ̀ òyìnbó fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n ẹ má torí orúkọ rà á. Ọkà báálì ni wọ́n ṣe é fún. Èèpo ọkà báálì nípọn, wọn kò sì fẹ́ kó já wẹ́wẹ́, nítorí èèpo yẹn náà ni wọ́n fi ń sẹ́ ọtí. Ọkà bàbà àti àgbàdo kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀, asẹ́ tàbí aṣọ la fi ń sẹ́ tiwa. Ẹni tó ń pọn ọtí ìbílẹ̀ tó náwó gọbọi sórí ẹ̀rọ yìí ń sanwó fún ohun tí kò ní lò.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ gbé ọkà yín tó ti hù tó sì gbẹ lọ sí ìsọ̀, kí wọ́n lọ̀ ọ́ lójú yín. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ tẹ́ ẹ sórí abọ́ funfun. Kò yẹ kí ẹyọ kan wà lódindi níbẹ̀. Ẹ tún fọwọ́ kan ìyẹ̀fun náà: bó bá gbóná janjan, awo ti fún jù nìyẹn. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, kí ẹ sẹ́ ẹ. Bí asẹ́ bá dí lójú ẹsẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí wọ́n tún un lọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, wọ́ inú ìyẹ̀fun náà. Bí ẹ bá rí irin tó lẹ̀ mọ́ ọn, awo kò tọ́ tàbí ó ti jẹ. Ẹ̀rọ tuntun pàápàá, ọkà tí kò wúlò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ inú rẹ̀, kí ẹ sì dà á nù. Ẹ béèrè bóyá awo mìíràn wà lọ́jà, torí ẹ̀rọ tí kò ní ohun èèlò ìpààrọ̀ yóò di pàǹtí láìpẹ́.

Ṣé kí ẹ rà á, àbí kí ẹ máa gbé ọkà lọ fún alọta?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe é, kẹ́ ẹ sì fi iye tó wà lọ́jà yín dípò tiwa. Ká ní kílò 50 lẹ ń lọ̀ lọ́sẹ̀, tí alọta ń gba ₦100 lórí kílò kan, ₦5,000 nìyẹn. Bí epo àti àtúnṣe ẹ̀rọ tiyín bá máa jẹ́ ₦2,000 lọ́sẹ̀, ₦3,000 ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní ₦312,000 yóò gba ọ̀sẹ̀ 104, ìyẹn ọdún méjì, kó tó dá owó rẹ̀ padà. Bó bá jẹ́ kílò 10 péré lẹ ń lọ̀ lọ́sẹ̀, ẹ má tíì rà á. Ẹ lè pawó pọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń pọntí ládùúgbò yín.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé ọkà lọ fún alọta, ẹ rí i dájú pé wọn kò lọ ata tàbí ẹ̀gúsí sínú ẹ̀rọ náà. Ata máa ń yí adùn ọtí padà, òróró sì máa ń ba ìfófòó rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe

Èéhù ọkà bàbà ní èròjà kan tó lè di oró sáyánáìdì. Nítorí náà, ẹ fọwọ́ ra gbòǹgbò àti èéhù kúrò lára ọkà tó ti gbẹ, kí ẹ sì fẹ́ ẹ dànù kí ọkà tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Ọkà tó bá bu, ẹ má lọ̀ ọ́ rárá, nítorí lílọ̀ kò pa májèlé tí èbu ń mú wá. Bí ẹ bá sì fẹ́ di ọtí náà sínú ìgò fún títà, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ NAFDAC.

Ní 1988, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì tó ti hù wọ Nàìjíríà, àwọn ilé iṣẹ́ bíà ńláńlá ló sáré padà sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo, wọ́n sì ní láti tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ tò. Ọkà tẹ́ ẹ fẹ́ lọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá ẹ̀rọ tó bá a mu.